Ṣé Iṣu Wà Nínú ‘Nìkan’?

Èmi gan-an ni mo kọ òfin náà. Mo sáré sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dá ara mi láre. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ìjọ kékeré kan ní abúlé tó wà láàrin Ìrè àti Ọ̀yẹ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yẹ́, níbi tí mò ń gbé. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní Yorùbá, tí wọ́n wá tún fi ṣe akọ̀wé, ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ti léwu díẹ̀. Kò sí ìpàdé tí mi ò lè kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó dà bí ìwé tí ọba kọ sí ọba, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ tó sọnù ni wọ́n jókòó lé lórí.

Ohun tó fa òfin náà kò le. Bí oṣù keje bá ti ń wọ̀, iṣu tuntun a ti tó wà, àwọn ọmọ ìjọ a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un jẹ. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ ìdúpẹ́ àkọ́so ní oṣù kẹjọ, èyí tó ti sú wọn nílé ni wọ́n ń gbé wá síwájú pẹpẹ. Lọ́dún kan, ẹnì kan gbé ọ̀kan wá tí òkété ti jẹ ìdí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ tí òkété jẹ náà kọjú sí ògiri. Inú bí Alága wa. Alága jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, ó sì ṣì máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló wà níwájú rẹ̀. Ó ní láti ọdún yìí lọ, ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan iṣu tuntun títí di ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tó bá rú u, ohunkóhun tó bá ń retí lọ́wọ́ ìjọ lọ́dún náà, kó máa retí rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé ṣé èyí kò wá dà bí èèwọ̀ tí àwọn ará ìlú ń pa mọ́ kí ọdún iṣu tó dé, èyí tí àwa ti ń wàásù láti ìgbà bàbá wa pé kò kan onígbàgbọ́. Alága pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní èèwọ̀ kọ́, pé kí akọ̀wé lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀rọ̀. Mo rí i: “Ìlànà Ọ̀wọ̀ fún Àkọ́so.” Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí. Mo kà á sókè fún ìyàwó mi níbi tó ti ń gé ilá, ó sì ní, “Ṣé èèwọ̀ yẹn náà ni?” Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ títí ó fi di agogo mẹ́rin.

Ìyá mi ni ìlànà yìí kọ́kọ́ bá pàdé. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n bí i ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, nínú agboolé kan tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jẹ iṣu tuntun títí àwọn àgbà yóò fi kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ebi pa á lóko, ó sì sun ọ̀kan jẹ. Wọ́n mú un kúnlẹ̀ nínú oòrùn lójú gbogbo agboolé, wọ́n ní bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, òun ló fà á. Ohun burúkú kan kò ṣẹlẹ̀ o. Òjò rọ̀, àgbàdo yọmọ, ewúrẹ́ bí ìbejì. Ṣùgbọ́n Yèyé máa ń sọ pé ní gbogbo ọdún yẹn, bí òun bá ti rí òkú adìẹ báyìí, àyà òun á já, òun á rò pé iṣu òun ló pa á.

Nítorí náà, nígbà tó fẹ́ bàbá mi wá sí abúlé wa, tó sì gbọ́ pé onígbàgbọ́ lè jẹ iṣu nígbà tó bá wù ú, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ló tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń jẹ́rìí pé ìran ni àwọn rí, tàbí pé àìsàn kan ló gbé àwọn dé ọ̀dọ̀ Jésù, Yèyé á ní iṣu ló mú òun wá ní tòun.

Àmọ́ kò ṣe ìrìbọmi. Kò mọ̀wé, àkọ́sórí sì ni kíláàsì ìrìbọmi ayé ìgbà náà, ojú sì ń tì í. Lẹ́yìn náà ó ń bímọ. Lẹ́yìn náà ó ń lọ tọ́mọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó. Ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Bí a bá ti dé ibi Oúnjẹ Olúwa, tí àwọn ẹlòmíràn dìde, Yèyé á jókòó síbẹ̀, á máa wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún, ó pè mí, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó lọ.

“Láti ẹ̀yìn ubẹ̀ yẹn ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀,” ló wí.

“Yèyé, kì í lóòórùn o. Nǹkan pẹlẹbẹ funfun kan báyìí ni.”

“Kí ni ùwọ mọ̀ nípa ohun tí umú mi ń gbọ́?”

Ẹ ti gbọ́ ọ. Ní ẹnu Yèyé, ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́, imú ni umú. Ahọ́n wa nìyẹn ní apá àríwá Èkìtì níbí. Èmi náà, bí mo bá wà nílé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ bí mo bá ń lọ sí kíláàsì tàbí ìpàdé ìjọ, mo máa ń wọ bàtà fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Àlùfáà máa ń wá láti ìta láti bi àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ìbéèrè, kó sì ṣe é fún àwọn tó bá yege. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìsinmi ìdúpẹ́ àkọ́so ni. Mo kọ orúkọ Yèyé sínú ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

“Yèyé, kí ló ń gba ènìyàn là?”

“Ùgbàgbọ́.”

“Ìgbàgbọ́ àti kí ni?”

“Ùgbàgbọ́ nìkan.”

Ọ̀rọ̀ “nìkan” yìí ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ó ń dán an wò bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò tó ń fi ìka gbá a káàkiri. “Nìkan? Gèlè ńkọ́?” Mo ní gèlè kò sí níbẹ̀. “Aṣọ funfun ńkọ́?” Kò sí níbẹ̀. “Bí mọ bá sùn lọ nígbà ùwàásù ńkọ́?” Mo ní ìyẹn náà kò sí níbẹ̀, àmọ́ kó má sùn. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọ dájú?” Mo máa ń ní ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú lóòótọ́ pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tí mo ka ìlànà náà nínú ìjọ, mo kà á bí ẹni ń ka ewì. A délé, Yèyé jókòó ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Akọ̀wé.” Bí Yèyé bá ti pè mí ní Akọ̀wé, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

“Uṣu tí ùwọ kà lónìí yẹn, ṣé ọ́ wà nínú ‘nìkan’?”

“Rárá o, Yèyé. Ìlànà lásán ni. Kì í ṣe òun ló ń gba ni là.”

“Hẹ́ẹ̀n. Bí mọ bá jẹ ẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, ṣé wọ́n á ṣe ùrìbọmi fún mi?”

Mo yí ẹsẹ̀ dà. Mo ní wọn ò ní ṣe é.

“Ọ́ wà níbẹ̀ nìyẹn,” ló wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan ní ìparí oṣù keje, mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀yẹ́ wá kí i. Ó ti se iṣu sílẹ̀, ó ti fọ odó, ó sì ti ki ọmọ odó bọ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó kí i tán. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, òun á sè, èmi á gún, nítorí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo gún un lẹ́ẹ̀kan. Mo gún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró lókè.

Ọmọ Èkìtì kan kì í ṣi ìró yẹn gbọ́. Iṣu èṣí, tó ti gbẹ nínú àká, gbì, gbì ló ń dún. Iṣu tuntun ní tirẹ̀ ń ké pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀ bí ẹni ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Ẹ̀yìn ògiri wa gan-an sì ni ilé Alága wà.

“Yèyé! Iṣu wo nìyí?”

“Uṣu ni.” Ewúrẹ́ ló ń wò.

“Ṣé tuntun ni? Ṣé ẹ ò gbọ́ ìlànà tí mo kà?”

“Èmi ọ̀ mọ̀wé,” ni Yèyé wí.

Kí ni ẹ fẹ́ kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣe? Mo lè gbé ọmọ odó sílẹ̀, kí n yí ẹ̀yìn padà, kí n lọ. Àmọ́ iṣu náà ti fọ́ dé ìdajì, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Mo mú àpò ìrẹsì, mo ká a sí ìdí odó kó lè pa ìró náà. Mo tan rédíò, mo yí i sókè dé òpin. Mo wá ń gún un jẹ́jẹ́jẹ́, bí olè tó ń ṣílẹ̀kùn, Yèyé sì ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kókó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹran ìgbẹ́ ló fi sè é. Mo jẹ ẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo jẹ ẹ́, mo tún béèrè èyí tó kù sínú odó, mo sì lá ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, Alága dá ìgbìmọ̀ dúró. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun gbọ́ ìró kan lọ́jọ́ Sátidé láti agboolé Yèyé. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ gbójú fò ó, àmọ́ rédíò ló jẹ́ kí òun fura, nítorí Yèyé kì í gbọ́ rédíò, àti pé ìròyìn èdè Haúsá ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a yọ orúkọ Yèyé kúrò nínú ìwé ìrìbọmi títí di àmọ́dún.

“Ta ló tiẹ̀ bá a gún un?” lẹnì kan bi í.

“A ó ṣe ìwádìí,” ni mo wí. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ojú Alága wà lára mi, mo sì ń kọ àkọsílẹ̀ mi lọ.

Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi ń mú un wá sí etíìgbọ́ yín,” mo sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí Yèyé kò sì mọ̀wé, èmi náà ni mo gbé e lọ kà fún un. Ẹ wo iṣẹ́ tí mo yàn fún ara mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó fi ọwọ́ di itan mú.

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, Yèyé.”

“Ọ́ dùn. Ta ló gún uyán náà?”

Ó dìde, ó fa aṣọ funfun tó rán fún ìrìbọmi náà yọ nínú ọ̀rá, ó tú u wò, ó sì ká a padà jẹ́jẹ́ bí wọ́n ti ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Mo rí i pé omi ti gba ojú rẹ̀.

“Mọ sá fún uṣu ní ulé bàbá mi,” ló wí. “Àṣé uṣu náà ti ṣáájú mi dé ulé Ọlọ́run.”

Ojú tì mí. Mo gun ọ̀kadà padà sí Ọ̀yẹ́, mi ò sì lè ka gbólóhùn kan nínú ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ta ló mọ̀ bóyá àmọ́dún á bá a?

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, mo jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé, orúkọ ènìyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi. Àlùfáà tó wá lọ́dún náà jẹ́ ọmọ apá Ọ̀yọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Ìdó ni, kò tíì pé oṣù méjì láàrin wa. Bí ó ṣe ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Yèyé ló wọlé. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó rìn kọjá bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ti ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí wá, ó lọ jókòó sí iwájú pátápátá, ó jẹ́ ẹnì keje. Alága wò mí. Èmi wo ìwé.

Àlùfáà bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Yèyé, ó wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò rí i. Alága ti dìde, ó ti pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ Àlùfáà ní kó jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ dáhùn, kí a tó sọ ti ìwé.

“Màmá, kí ló ń gba ènìyàn là?”

Yèyé dìde dúró. “Ùgbàgbọ́ nìkan.”

“Ẹ káre, Màmá.”

“Àti uṣu èṣí.”

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ Èkìtì kan ni. Mo rí i tó fa bírò yọ, tó kọ “uṣu” sínú ìwé rẹ̀, tó sì fa ìlà sí i nídìí.

“Ẹ dákun, Màmá, ẹ là mí lóye. Kí ni uṣu? Ṣé ìfẹ́ ni àbí ìrònúpìwàdà?”

Yèyé na ọwọ́ sí mi. “Ẹ bi Akọ̀wé. Ọun ló kọ ọ́.”

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo nílò láti fi bọ́, wọ́n sì ti wà lórí ahọ́n mi: “Àgbà ni.” Àlùfáà ì bá mi orí, wọn ì bá sì rọra mú ìyá mi lọ sílé. Ibẹ̀ ni mo rí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ ìró funfun náà. Mo rántí ọmọ kékeré tí wọ́n mú kúnlẹ̀ nínú oòrùn ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

“Uṣu ni, Àlùfáà,” ni mo wí. Bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀. “Iṣu tí à ń jẹ. Ìjọ wa ní ìlànà kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ tuntun títí di ọ̀la. Ìyá mi jẹ ẹ́, a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Èmi ni mo kọ ìlànà náà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà. Èmi náà ni mo gún iyán ọ̀hún, mo sì jẹ ju ìyá mi lọ.”

Ọwọ́ Alága tó fẹ́ fi pàtẹ́wọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró lófuurufú. Àlùfáà ní kí n gbé ìwé ìlànà náà wá. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó ń mi orí.

“Yorùbá yìí mà dùn o.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni mo wí kí n tó mọ̀, ilé sì tún bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin tí ẹ gún un, tí ẹ sì jẹ ẹ́, kí ni ìgbìmọ̀ fi jẹ yín níyà?”

“Wọ́n ní mo kọ lẹ́tà náà dáadáa, sà.”

Kò fa ìwé náà ya. Ó ká a, ó fi lé Alága lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí a máa fi dúpẹ́ iṣu, ṣùgbọ́n kí a má gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà omi ìrìbọmi mọ́. Alága jókòó. Àlùfáà yíjú sí ìyá mi.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń gba ènìyàn là?”

Yèyé kọ́kọ́ wo Alága. Ó wò mí. Ó wo gbogbo ilé yíká, bóyá ẹnì kan ṣì ní nǹkan tó fẹ́ fi sí i.

“Ùgbàgbọ́.”

“Kí ló kù?”

“Ọ́ tán.”

Àlùfáà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé mi, ó sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, a ṣe ìdúpẹ́ àkọ́so. Iṣu kún iwájú pẹpẹ, mi ò sì yẹ ìdí ọ̀kankan wò. Nígbà tó kan Oúnjẹ Olúwa, Yèyé dìde pẹ̀lú àwọn tó ń dìde. Mo dì í lápá mú. Ó gba búrẹ́dì náà, a sì padà sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, torí ó ní ibẹ̀ ti mọ́ òun lára. Ó fi sẹ́nu pẹ́. Ó pa ojú dé, ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ara mi ò gbà á mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀.

“Yèyé, báwo ló ṣe rí?”

Ó gbé e mì kó tó dá mi lóhùn.

“Kò lóòórùn lóòótọ́,” ló wí. “Kò níyọ̀. Kò ní ṣúgà.” Ó wá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ dán. “Wọn ọ̀ fi nǹkan kan kún un.”